Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ yẹn

Ọdún 21 ni mo lò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń lé wọn, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà. Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́. Èmi náà ni mo máa ń tẹ kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ní kí òṣìṣẹ́ wá ṣàlàyé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Bí ọ̀gá bá sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí lágbájá wọlé lọ́la, èmi ni wọ́n ń rán sí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ẹ̀yìn tábìlì ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò kọ́ ọ ní yunifásítì.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa wá bá mi nílé. Ọdún mẹ́rin ló fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ilé ìtajà ńlá kan. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, sùpáfáísọ̀ rẹ̀ pè é lórí fóònù pé kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, àwọn ti fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀tọ́ kankan tiẹ̀ wà fún mi báyìí?" Mo ní kó lọ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá. Kò ní. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù rẹ̀ ńkọ́? Kò ní. Nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì? Ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ẹ̀tọ́ wà fún un. Bí a ó ṣe fi hàn pé ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wàhálà. Òfin Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò burú tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Àìní ìwé lọ́wọ́ ló ń pa òṣìṣẹ́. Ẹ ó rí i pé gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, ibi kan náà ló ń yí padà sí: kí ló wà lọ́wọ́ yín?

1. Ẹ mọ òfin tó kàn yín

Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ló ṣì wà lórí àga títí dòní. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló wà fún: ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, awakọ̀ ilé iṣẹ́, ẹni tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń to ìwé ní ọ́fíìsì. Mánijà, ẹnjiníà, dókítà àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni òfin tiwọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà sípò ńlá ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn lè dá a dúró.

Ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹlòmíì ni òfin 1974 yìí gbàgbé jù, torí ẹni tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ tó jẹ mọ́ òwò agbanisíṣẹ́ ló ń wò. Èyí máa ń bí mi nínú, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn.

Òfin méjì míì wà tí kò wo ipò yín rárá. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa jáde ní 2010, òfin owó ìfẹ̀yìntì sì jáde ní 2014. Mánijà ni yín o, agbálẹ̀ ni yín o, wọ́n kàn yín.

2. Ẹ gba ìwé kí oṣù mẹ́ta tó pé

Ibí ni kí ẹ ti dúró pẹ́ jù. Òfin sọ pé ó pẹ́ tán, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí wọ́n kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí: orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbà yín, irú iṣẹ́ tí ẹ ó máa ṣe, iye owó yín àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ó máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ṣàìsàn tàbí tí ẹ fara pa, àti iye ọjọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ tú àdéhùn náà ká máa fi ṣe ìkìlọ̀. Bí wọ́n bá yí èyíkéyìí padà nínú wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà sínú ìwé kí oṣù kan tó kọjá.

Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fún èèyàn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n máa ń ní kí n "fi àwọn tuntun sílẹ̀ ná, ká wò wọ́n." Oṣù mẹ́ta á di ọdún kan. Wọn kì í gbàgbé. Ẹni tí kò níwèé rọrùn láti lé ni.

Kí ni kí ẹ ṣe? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmùkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ má lọ máa ka òfin sí ọ̀gá létí ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ débẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp tàbí íméèlì, bí ẹni ń tọrọ nǹkan:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, nídìí owó gbígbà, ẹ sì ní owó oṣù mi yóò jẹ́ N80,000. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ bá mi mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi jáde kí n lè fi pamọ́. Ẹ ṣeun sà."

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ọjọ́, irú iṣẹ́, iye owó. Bí ọ̀gá bá dáhùn pé "OK" péré, ẹ ti rí ìwé gbà. Bí kò bá tiẹ̀ dáhùn, ẹ ti ní ohun tí ẹ kọ ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kò tíì di ìjà, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré níwájú onídàájọ́. Òfin gan-an gbà pé àdéhùn iṣẹ́ lè jẹ́ ti ẹnu lásán. Kì í ṣe pé ẹni tí kò níwèé kì í ṣe òṣìṣẹ́ o. Ẹ̀rí ni ìṣòro rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ máa kó nǹkan jọ. Àláàtì báńkì oṣooṣù, ẹ má pa á rẹ́. Káàdì ìdánimọ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ta ló máa wá láàárọ̀ tàbí lálẹ́, ẹ ya òun náà. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe àṣekún àti wákàtí tí ẹ fi ṣe é. Gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́; ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín ni wọ́n ó ti íméèlì ilé iṣẹ́ pa.

Nǹkan méjì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ní ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́. Àyẹ̀wò ara tí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe nílé ìwòsàn, agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó san owó rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn. Mo ti rí kọ́bọ́ọ̀dù tí ojúlówó ìwé ẹ̀rí èèyàn kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí àwọn tó ni wọ́n kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ìwé wọn wà ní àhámọ́.

3. Ẹ mọ owó yín, kí ẹ sì mọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ yọ níbẹ̀

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí báyìí ni N70,000, láti oṣù Keje 2024. Ní 1981, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí Hassan Sunmonu, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC nígbà náà, ṣíwájú rẹ̀, N125 ni. Òfin tuntun ní kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kò dé: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, àwọn tí wọ́n ń fún lówó lórí iye tí wọ́n bá tà tàbí tí wọ́n bá ṣe, àti àwọn oníṣẹ́ ìgbà bíi ti oko. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ, ohun tí ẹ bá bá ọ̀gá ṣe àdéhùn lé lórí ni.

Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó yín ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó san án. Wọn kò sì lè fi ìrẹsì tàbí ọjà tí kò tà san án, owó ni kí wọ́n fún yín.

Ọ̀rọ̀ tó ń gbóná jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó yíyọ. Àwọn tó ń ta epo ní ilé epo àti àwọn tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tí mo ń sọ: bí owó bá dín ní alẹ́, wọ́n á ní "a máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ." Bí oníbàárà bá sá láìsanwó, ẹ̀yin lẹ ó san án. Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Kí agbanisíṣẹ́ tó lè yọ owó fún àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí pé àìbìkítà yín ló fà á, kí ó sì ti kọ́kọ́ gba àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nínú ọdún 21, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí ẹnikẹ́ni lọ gba àṣẹ yẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì ń yọ, gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín. Owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, kò yẹ kó ju owó oṣù kan lọ.

Tí wọ́n bá yọ owó yín, ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ìwé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí i pé owó oṣù yìí dín ní N12,000, mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀." Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Bí ẹ bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n á ní ẹ ti gbà á bẹ́ẹ̀.

4. Wákàtí, ìsinmi, àìsàn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Òfin 1974 kò dá iye wákàtí kan; àdéhùn ló ń sọ ọ́, ohun tó bá sì lé lórí àdéhùn, àṣekún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní odindi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje tí kò ní wá síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12, ìsinmi ọdọọdún tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà tọ́ sí yín, pẹ̀lú owó. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ara yín kò dá, ẹ lè gba tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan, owó yín ò sì ní dúró. Ẹ mú ìwé dókítà yẹn. Ìyá tó ń ta àgbo kò lè kọ ọ́ fún yín. Bí wọ́n bá rán yín lọ ṣiṣẹ́ níbi tó tó kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí ibi iṣẹ́ yín gangan, wọ́n ó fi ọkọ̀ gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n fún yín lówó ọkọ̀.

5. Tí ẹ bá lóyún

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó sọ ìgbà tí ẹ máa bí. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, ó kéré tán, ìdajì owó yín gbọ́dọ̀ máa wọlé ní gbogbo àsìkò náà. Ìdajì kéré, mo mọ̀. Àdéhùn yín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò kàn gbọ́dọ̀ dín ni. Nígbà tí ẹ bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún yín láti fún ọmọ lọ́mú. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìdádúró nígbà tí ẹ wà nílé.

Ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá ni pé wọ́n á ti lé obìnrin kí ikùn tó yọ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu lásán sọ fún ọ̀gá pé ẹ lóyún. Ẹ kọ ọ́, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kó lè hàn pé wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀.

6. Tí ẹ bá fara pa

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sanwó, ọ̀gá fún un ní àpòòwé, ó fọwọ́ sí ìwé kan pé ọ̀rọ̀ ti parí. Gbogbo wa rò pé ọ̀gá ṣe dáadáa. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin 2010 sọ pé gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sí àpò kan tó wà lọ́wọ́ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú yìí. Inú àpò yẹn ni owó gbà-má-bínú ti ń wá: owó ìtọ́jú, owó fún ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kan bá lọ, owó oṣooṣù fún ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ ẹni tó bá kú. Kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jáde lára owó oṣù yín fún un. Bí ẹ bá tiẹ̀ bá ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, ìwé yẹn kò nílárí lójú òfin.

Àmọ́ àkókò wà fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti sọ fún mánijà tàbí sùpáfáísọ̀ pé ẹ fara pa. Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ọjọ́ méje ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi tó NSITF létí. Ẹ sì ní ọdún kan péré láti béèrè owó náà. Bí ọ̀gá bá kọ̀ tí kò ròyìn, ẹ gba ọ́fíìsì NSITF tó sún mọ́ yín lọ fúnra yín, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò kí wọ́n sì wá fi ìbòrí bo ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí tẹ́lẹ̀.

Ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí ilé iṣẹ́ bá ti mọ ibi tí ẹ ń gbé. Bí ẹ bá kó kúrò ní Agége lọ sí Ìkòròdú, ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun fún wọn.

Ní ti ààbò fúnra rẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ béèrè fún ìbòrí lára ẹ̀rọ, omi mímu tó mọ́, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, àti ilẹ̀kùn tí ẹni tó wà nínú lè ṣí wéré. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 2002, iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Odògúnyàn lẹ́bàá Ìkòròdú, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì jóná mọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lóru nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù olè, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá fara pa kí ẹ tó lọ sọ fún àwọn ayẹ̀léwò ìjọba.

7. Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì yín lóṣooṣù

Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Nínú owó yín, wọ́n á yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un, kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó pé lẹ́yìn tó sanwó ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa fúnra yín yan ilé iṣẹ́ tó máa bójú tó o, kì í ṣe ọ̀gá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yọ ti òṣìṣẹ́ tí wọn kì í sì í fi ránṣẹ́ síbì kankan. Jìbìtì ni ìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ ni pé kí ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ àpò yín, kí ẹ fi wé owó oṣù yín. Bí kò bá bá ara wọn mu, PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, ẹ lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀.

8. Ẹgbẹ́

Kò sí àdéhùn iṣẹ́ tó lè sọ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò sì sí èyí tó lè fi ipá mú yín wọ̀ ọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó dára, mo sì ti rí èyí tí alága rẹ̀ ń wá gba àpòòwé lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìpàdé. Síbẹ̀, lẹ́tà tí èèyàn 60 fọwọ́ sí máa ń mú kí ọ̀gá dìde lórí àga, ti ẹnì kan kì í mú un dìde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ilé iṣẹ́ bá sọ pé iṣẹ́ ti dín kù, àwọn fẹ́ dá èèyàn dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ́kọ́. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀ iṣẹ́ tàbí ìṣeégbẹ́kẹ̀lé ẹnì kan bá ta yọ.

9. Nígbà tí kúẹ́rì tàbí ìwé ìdádúró bá dé

Ẹ má fi ìbínú dáhùn kúẹ́rì. Ẹ kà á, ẹ lọ sùn bí àyè bá wà, kí ẹ wá kọ ìdáhùn kúkúrú: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ kí àkókò tí wọ́n dá tó kọjá, kí ẹ sì gba àmì lórí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Mo sọ fún yín, àìdáhùn la fi lé àwọn tó pọ̀ jù. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ká mọ́ wọn lọ́wọ́ kò tó nǹkan.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó kọ ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra yín, ẹ má kọ ọ́. Wọ́n á ní ó máa "dára fún orúkọ yín." Àwọn ló dára fún. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í jẹ ẹ́ ní owó ìkìlọ̀.

Iye ìkìlọ̀ tó kéré jù nìyí, gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin àti ọ̀gá ló sì kàn, torí ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ kàn ju iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ sá lọ:

– oṣù mẹ́ta tàbí kó dín: ọjọ́ kan
– ó lé ní oṣù mẹ́ta, kò tó ọdún méjì: ọ̀sẹ̀ kan
– ọdún méjì, kò tó ọdún márùn-ún: ọ̀sẹ̀ méjì
– ọdún márùn-ún sókè: oṣù kan

Ìkìlọ̀ tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni kó wà. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ẹ wá mọ́ rárá, kí wọ́n san owó àsìkò náà fún yín. Gbogbo owó oṣù tí wọ́n sì jẹ yín gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ọjọ́ ìkìlọ̀ tó pé.

10. Ẹ̀yin tí ẹ gba èèyàn síṣẹ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kàn yín

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtẹ̀wé, iná ò sì sí, epo sì wọ́n. Síbẹ̀, ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò náni ju bébà méjì lọ. Ẹ ní ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí nígbà tó bá gbowó. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá purọ́ mọ́ yín, òun ló máa gbà yín. Ẹ má gba ọmọ tí kò tó ọdún 15 sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó ìtanràn inú òfin kéré. Lóòótọ́, ẹni tó bá rú apá tó kan ìwé àti owó oṣù nínú òfin 1974 yìí, N800 ni ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá nígbà àkọ́kọ́, owó tí kò lè ra àmàlà àti ẹran tó yó èèyàn lónìí. Àmọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹ san fún òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe N800.

11. Ibi tí ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ lọ

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́, kí ẹ dá ọjọ́ fún wọn, bí ọjọ́ 14. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ministry of Labour tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Wọn kì í gba owó. Wọ́n á kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe agbanisíṣẹ́, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun pẹ̀tù sí i. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ bá Legal Aid Council. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ilé ẹjọ́ National Industrial Court nìkan ni òfin orílẹ̀-èdè fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti 2011. Ó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ẹ má fi falẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé mi fún ọjọ́ méjì. A gba àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́rin ní báńkì rẹ̀: orúkọ ilé ìtajà náà wà lára àláàtì 46. A rí fọ́tò ayẹyẹ ọjọ́ Kérésìmesì tí gbogbo wọn wọ aṣọ iṣẹ́. A rí ọ̀rọ̀ WhatsApp tí sùpáfáísọ̀ fi ní kó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìyẹn ló gbé lọ sí ọ́fíìsì Ministry. Ìgbà kẹta tí wọ́n ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n tó wá, wọ́n sì san owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, owó ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì àti ti ìsinmi tí kò lò. Ti owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà lọ́wọ́ PenCom.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ẹ̀dà gbogbo ìwé yín méjì méjì sínú nílọ́ọ̀nù kan, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, ẹ kọ ìtàn yín sórí ojú ìwé kan péré pẹ̀lú ọjọ́ tó tò tẹ̀ léra, ẹ sì débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ mú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ méjì, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ẹni tó ń mú fáìlì yẹn kò sí níjokòó, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.